Láti Turin Dé Naples: Ọ̀nà Tí Kọfí Espresso Gbà Dé Inú Ilé

Bí ọmọdé kò bá dé oko baba ẹlòmíràn rí, á ní kò sí oko baba ẹni tó tó ti baba òun. Ní ilẹ̀ Yorùbá, tíì ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń pe ohunkóhun tó bá ti gbóná nínú ife, ìbáà jẹ́ ewé tíì gan-an, ìbáà jẹ́ Bournvita tàbí Milo, ìbáà sì jẹ́ kọfí. Kọfí tí àwọn ènìyàn mọ̀ láti ìgbà èwe ni èyí tó wà nínú agolo, tí wọ́n máa ń bu síbí kan rẹ̀ sínú omi gbígbóná, tí wọn yóò sì fi mílíìkì àti ṣúgà pò ó. Kò sí iṣẹ́ kankan nídìí rẹ̀. Ẹni tó bá ti lè gbé omi kaná ti di ọ̀gá.

Ọ̀rọ̀ ti ń yí padà báyìí. Ní Èkó, ní Àbújá, ní Ìbàdàn, títí dé Lọ́ńdọ̀nù níbi tí ọmọ Yorùbá pọ̀ sí, àwọn olùfẹ́ kọfí ti ń ra ẹ̀rọ espresso sínú ilé. Wọ́n á tú ẹ̀rọ náà jáde nínú páálí, wọ́n á da kọfí sí i, wọ́n á tẹ bọ́tìnì. Ohun tó sì máa ń kọ́kọ́ jáde kì í bá ìrètí wọn mu: bí kò bá kan bí omi ògì tó ti pẹ́ nílẹ̀, á korò bí jogbo. Owó ńlá ti jáde lápò, adùn kò sì tẹ̀lé e wálé. Kí oṣù méjì tó pé, ẹ̀rọ náà ti di ohun tí wọ́n ń nu eruku lára rẹ̀.

Ohun tí kò yé ọ̀pọ̀ nínú wọn ni pé ẹ̀rọ kọ́ ló ń se espresso, ènìyàn ni. Àwọn ará Ítálì tó ni iṣẹ́ náà pàápàá kò rí i ṣe lọ́jọ́ kan. Ó lé ní ọgọ́ta ọdún tí wọ́n fi ń se kọfí tó ń jó, tó ń korò, kí wọ́n tó rí ojútùú sí i. Ẹni tó bá lọ wo àwọn ìlú tí iṣẹ́ náà ti ṣẹ̀ wá yóò rí i pé ìlú kọ̀ọ̀kan ní ẹ̀kọ́ kan tí ó lè kọ́ ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀.

TURIN: Ọ̀RÀN ÌKÁNJÚ NI

Ìlú Turin, tí àwọn onílùú ń pè ní Torino, wà ní ìhà àríwá ìwọ̀-oòrùn Ítálì, nítòsí àwọn òkè Alps tí yìnyín máa ń bò lórí. Ìlú ọba ni tẹ́lẹ̀ rí. Òpópónà rẹ̀ gbòòrò, wọ́n sì kọ́ òrùlé olópòó sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà, tó fi jẹ́ pé ènìyàn lè rìn jìnnà nínú òjò kí aṣọ rẹ̀ má tutù. Abẹ́ àwọn òrùlé wọ̀nyí ni àwọn ilé kọfí àtijọ́ wà, níbi tí wọ́n ti ń ta bicerin, ìyẹn kọfí, ṣokoléètì àti mílíìkì tí wọ́n dà lé ara wọn nínú gíláàsì kékeré.

Ní ọdún 1884, wọ́n ṣe ìpàtẹ ọjà ńlá kan ní ọgbà Valentino, létí odò Po. Ibẹ̀ ni Angelo Moriondo, ọkùnrin kan tó ní ilé ìtura àti ilé ọtí ní ìlú náà, ti gbé ẹ̀rọ kan jáde fún aráyé rí. Ìṣòro tó fẹ́ yanjú kò le púpọ̀: kọfí kì í tètè délẹ̀, àwọn oníbàárà sì ń kánjú. Ẹ̀rọ rẹ̀ ń lo agbára ooru inú ìkòkò tí wọ́n dé pa láti fi ti omi gba inú kọfí lílọ̀ kọjá. Wọ́n fún un ní ìwé àṣẹ pé òun ló ni ìhùmọ̀ náà, wọ́n sì fi àmì-ẹ̀yẹ onídẹ dá a lọ́lá. Ṣùgbọ́n Moriondo kò sọ ọ́ di ọjà. Ilé-iṣẹ́ tirẹ̀ nìkan ló ń lò ó fún, títí tó fi kú ní ọdún 1914. Ẹ̀rọ náà kì í sì í se ife kan ṣoṣo fún ẹnì kan. Ti ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ń se pọ̀.

Ohun tí Turin fi hàn ni pé espresso kò bẹ̀rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ọ̀ràn adùn. Ọ̀ràn ìkánjú ni. Adùn ṣẹ̀ṣẹ̀ wá bá a lọ́nà ni.

MILAN: OORU KÌ Í ṢE AGBÁRA

Láti Turin dé Milan kò ju wákàtí kan lọ nínú ọkọ̀ ojú irin tó ń sáré. Milan ni ìlú ajé Ítálì, ìlú àwọn oníbáńkì àti àwọn aránṣọ ìgbàlódé. Bí ilẹ̀ bá ti mọ́, ẹni tó bá yà sí ilé kọfí yóò rí àwọn ènìyàn tí wọ́n wọ kóòtù tí wọ́n dúró ti pákó gígùn, gẹ́gẹ́ bí àwọn awakọ̀ ṣe máa ń dúró ti oníparaga ní gáréèjì láàárọ̀. Wọn kì í jókòó. Ìdí ni pé ní ilé kọfí púpọ̀, owó ẹni tó jókòó máa ń ju ti ẹni tó dúró lọ. Wọ́n á gbé ife kékeré náà, wọ́n á mu ún ní ẹ̀ẹ̀mẹta, ó tán, wọ́n ti bá tiwọn lọ. Ẹni tó bá sì béèrè fún “latte” níbẹ̀, gíláàsì mílíìkì lásán ni wọn yóò gbé fún un, nítorí mílíìkì ni ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ náà ní èdè wọn.

Milan ni Luigi Bezzera ti gba ìwé àṣẹ lórí ẹ̀rọ tirẹ̀ ní ọdún 1901. Òun ló fi síbí irin onímú sí ẹ̀rọ, èyí tí wọ́n ń bu kọfí lílọ̀ sí, tí omi yóò sì gba inú rẹ̀ bọ́ tààrà sínú ife ẹni tó béèrè. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń pè é ní espresso: a yára ṣe é, a sì ṣe é fún olówó rẹ̀ nìkan. Ṣùgbọ́n Bezzera kò ní owó tí yóò fi tà á dé ibi tó yẹ. Desiderio Pavoni ló ra ẹ̀tọ́ náà lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n sì gbé ẹ̀rọ ọ̀hún lọ síbi ìpàtẹ ọjà àgbáyé tí wọ́n ṣe ní Milan ní ọdún 1906.

Àléébù ńlá kan wà níbẹ̀ síbẹ̀. Ooru ló ń ti omi, kò sì sí ọ̀nà tí ènìyàn lè gbà fi kún agbára ooru láìjẹ́ pé omi gbóná sí i. Omi tó gbóná jù á jó kọfí, bẹ́ẹ̀ ni agbára náà kò sì ju ìlọ́po kan ààbọ̀ sí méjì agbára afẹ́fẹ́ tó yí wa ká lọ. Kọfí tó jáde dúdú, ó korò, kò sì ní ìfófó kankan lórí.

Achille Gaggia, tó ní ilé kọfí kan ní Milan, ló tú wọn sílẹ̀. Ó gba ìwé àṣẹ àkọ́kọ́ ní ọdún 1938. Lẹ́yìn ogun àgbáyé kejì, ní nǹkan bí ọdún 1947 sí 1948, ó gbé ẹ̀rọ tó ní ọ̀pá gígùn jáde. Bí ẹni tó ń ṣe kọfí bá fa ọ̀pá náà sílẹ̀, yóò ká irin sípíríìnì kan jọ. Bó bá sì jọ̀wọ́ rẹ̀, sípíríìnì náà ni yóò ti omi gba inú kọfí, pẹ̀lú agbára tó tó báà 8 sí 10. Ó ti ya ooru sọ́tọ̀, ó ti ya agbára sọ́tọ̀. Omi kò ní láti hó mọ́ kó tó lè lágbára. Ní àkọ́kọ́, nígbà tí àwọn ènìyàn rí ìfófó aláwọ̀ ilẹ̀ tó bo ojú kọfí, ẹ̀rù ohun tí wọn kò rí rí bà wọ́n. Gaggia ní ìpara kọfí gan-an ni. Ìfófó yìí, tí wọ́n ń pè ní crema, ni aráyé fi ń dá espresso mọ̀ títí dòní.

Ní ọdún 1961, ilé-iṣẹ́ Faema gbé ẹ̀rọ E61 jáde, tó ń fi pọ́ǹpù oníná ti omi, tí apá kò fi ní láti máa ro ẹni tó ń ṣe kọfí mọ́. Ọdún yìí kan náà ni ilé-iṣẹ́ La Pavoni gbé Europiccola jáde, ẹ̀rọ kékeré ọlọ́pàá tí wọ́n ṣe fún inú ilé. Ẹni tó bá fẹ́ ra ẹ̀rọ lónìí gbọ́dọ̀ rántí ìtàn yìí lọ́jà. Ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ olówó pọ́ọ́kú ló wà tí wọ́n kọ espresso sí lára, ṣùgbọ́n tí kò ní pọ́ǹpù, tí kò sì ní ọ̀pá. Ooru lásán ló ń ti omi nínú wọn. Ẹ̀rọ Bezzera ti ọdún 1901 ni, wọ́n kàn pààrọ̀ aṣọ rẹ̀ ni.

Milan yìí kan náà ni Howard Schultz ará Amẹ́ríkà ṣe àbẹ̀wò sí ní ọdún 1983, tí àwọn ilé kọfí ibẹ̀ fi wọ̀ ọ́ lọ́kàn, tó sì gbé ìmọ̀ náà lọ sílé láti fi sọ Starbucks di ohun tí gbogbo ayé mọ̀. Ọdún 2018 ni ilé-iṣẹ́ náà ṣẹ̀ṣẹ̀ ní ìgboyà láti ṣí ṣọ́ọ̀bù àkọ́kọ́ ní Ítálì, ní gbàgede Cordusio, nínú ilé tó jẹ́ ilé ìfìwéránṣẹ́ tẹ́lẹ̀. Ọdún márùndínlógójì gbáko ni akẹ́kọ̀ọ́ fi dúró kó tó padà wá fi iṣẹ́ han ọ̀gá.

OMEGNA: Ọ̀NÀ KAN KÒ WỌ ỌJÀ

Ní àríwá ìwọ̀-oòrùn Milan, létí adágún Orta, ìlú kékeré kan wà tó ń jẹ́ Omegna. Àwọn oníṣẹ́ ìkòkò àti ohun èlò ìdáná ló kún ibẹ̀. Ní àdúgbò Crusinallo, Alfonso Bialetti gbé ìkòkò kọfí onígun mẹ́jọ jáde ní ọdún 1933, èyí tí wọ́n ń pè ní moka. Omi wà nísàlẹ̀, kọfí lílọ̀ wà láàárín, òkè sì ṣófo. Bí iná bá ti mú omi, ooru á ti í gba inú kọfí gun òkè. Ọmọ rẹ̀, Renato, ló polówó rẹ̀ títí tó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí ilé tí kò sí ní Ítálì. Nígbà tí Renato kú ní ọdún 2016, inú ìkòkò moka ńlá kan ni wọ́n kó eérú rẹ̀ sí láti lọ sin.

Moka kì í ṣe espresso gan-an, nítorí agbára tó ń ti omi nínú rẹ̀ kéré. Ṣùgbọ́n ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Níbi tí iná mànàmáná ti ń ṣẹ́jú, tó ń lọ tó ń bọ̀, moka kò béèrè ju iná gáàsì lọ. Ẹni tó bá fi kọ́ bí a ṣe ń lọ kọfí, bí a ṣe ń wọn ọ́n, àti bí a ṣe ń yọ ọ́ lórí iná kó tó jó, ti kọ́ ìdajì iṣẹ́ náà láìtíì náwó ẹ̀rọ.

TRIESTE: ORÍ HÓRÓ NI OWÓ WÀ

Ní ìpẹ̀kun àríwá ìlà-oòrùn Ítálì, níbi tí ilẹ̀ ti kan Slovenia, ni Trieste wà létí òkun Adriatic. Ní ọdún 1719, Ọba Charles Kẹfà ti ilẹ̀ Austria sọ èbúté rẹ̀ di èbúté òmìnira. Láti ìgbà náà ni àpò kọfí ti ń sọ̀ síbẹ̀ láti àwọn ilẹ̀ tó gbóná. Ibẹ̀ ni Francesco Illy, ọmọ ilẹ̀ Hungary, ti dá ilé-iṣẹ́ kọfí rẹ̀ sílẹ̀ ní ọdún 1933. Àwọn ará Trieste ní èdè tiwọn lórí kọfí. Ní ọ̀dọ̀ wọn, “nero”, ìyẹn dúdú, ni espresso. “Capo” ni èyí tí wọ́n kán mílíìkì díẹ̀ sí.

Èbúté yìí ló ń rán ènìyàn létí pé Ítálì, tí gbogbo ayé ń pè ní ìlú kọfí, kò ní oko kọfí ńlá kankan. Ohun tí wọ́n mọ̀ ni yíyan, lílọ̀ àti síse. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sì gbọ́dọ̀ kọ́gbọ́n níbẹ̀. Hóró tí wọ́n bá yan kì í pẹ́ títí kó tó pàdánù òórùn rẹ̀. Láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan ni adùn rẹ̀ dára jù. Bí wọ́n bá sì ti lọ̀ ọ́, kíákíá ni òórùn yóò fò lọ. Nítorí náà, bí owó kò bá tó nǹkan méjèèjì, kí ó ra ẹ̀rọ ìlọkọfí tó dára, kí ó sì fi ẹ̀rọ espresso mọ níwọ̀n.

Ẹ̀rọ ìlọkọfí náà ní irú. Èyí tó ní abẹ tó ń yí bíi ti bléńdà kò wúlò, nítorí pé gígé ló ń gé hóró. Apá kan á kúnná, apá kan á rí wóróbo. Èyí tó dára ni èyí tó ní irin méjì tó ń ra ara wọn, tí hóró sì ń gba àárín wọn kọjá. Ọlọ àti ọmọ ọlọ ni, kò sí ìyàtọ̀. Kí kọfí náà kúnná ju gaàrí lọ, kí ó má sì kúnná tó ẹ̀lùbọ́.

NAPLES: SÙÚRÙ ÀTI ÀWỌN ẸLÒMÍRÀN

Ní gúúsù, lábẹ́ òkè oníná Vesuvius, ni Naples wà, ìlú aláriwo tí àwọn aráàlú rẹ̀ gbà pé kò sí ẹni tó mọ kọfí tó àwọn. Wọ́n máa ń gbé gíláàsì omi síwájú ènìyàn kó tó mu kọfí, kí ẹnu lè mọ́. Ife náà máa ń gbóná débi pé ọwọ́ kò fẹ́rẹ̀ẹ́ lè dì í mú. Ọ̀pọ̀ ilé kọfí ibẹ̀ ṣì ń lo ẹ̀rọ ọlọ́pàá. Nínú ilé, àwọn àgbà ń lo cuccumella, ìkòkò tí wọ́n máa ń dojú rẹ̀ délẹ̀ bí omi bá ti hó, kí omi lè máa ro gba inú kọfí wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Àwọn mìíràn á ká bébà bò ó lẹ́nu kí òórùn má bàa sá lọ.

Àṣà kan tó gbajúmọ̀ jù níbẹ̀ ni “caffè sospeso”. Ẹni tí Ọlọ́run bá ṣe ọjọ́ náà ní rere fún á mu ife kan, á sì san owó ife méjì. Ife kejì dúró de ẹni tí kò lówó lọ́wọ́. Ẹni náà á yọjú, á béèrè bóyá èyí tí wọ́n san sílẹ̀ wà, wọ́n á sì ṣe é fún un bí wọ́n ti ń ṣe é fún olówó. Kò ní mọ ẹni tó san án, ẹni tó san án kò sì ní rí i.

NÍNÚ ILÉ: OHUN TÍ A BÁ FẸ̀SỌ̀ MÚ

Àjọ kan wà ní Ítálì tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 1998 láti dáàbò bo espresso. Òṣùwọ̀n tí wọ́n là sílẹ̀ fún ife kan ni pé kí kọfí lílọ̀ jẹ́ gíráàmù 7, kí agbára tó ń ti omi jẹ́ báà 9, kí omi má ju nǹkan bí ìwọ̀n 88 sí 90 lọ lórí òṣùwọ̀n Sẹ́síọ́ọ̀sì, kí ohun tó bọ́ sínú ife sì jẹ́ mílílítà 25 láàárín ìṣẹ́jú àáyá 25. Òǹkà wọ̀nyí kì í ṣe òfin tí kò ṣeé yẹ̀. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń ṣe é nílé ń lo gíráàmù 16 sí 18 fún ife onílọ̀ọ́po méjì, wọ́n sì ń gba ìlọ́po méjì ìwọ̀n náà jáde. Ṣùgbọ́n ìbẹ̀rẹ̀ rere ni wọ́n jẹ́.

Kí ẹ̀rọ àti ife kọ́kọ́ gbóná dáadáa. Kí a wọn kọfí lórí òṣùwọ̀n kékeré, kí a má fi ojú díwọ̀n ọn. Kí a tẹ́ ẹ dọ́gba nínú síbí irin, kí a sì tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ gbọọrọ, nítorí omi dà bí olè: ibi tí ògiri bá ti lanu ni yóò gbà wọlé. Lẹ́yìn náà, kí a máa ka ìṣẹ́jú àáyá. Bí kọfí bá tú jáde ní ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá, tó funfun, tó sì kan, kí a lọ̀ ọ́ kúnná sí i. Bó bá ń kán tó-tó-tó bí ọ̀dà, tó sì korò, kí a lọ̀ ọ́ kí ó ki díẹ̀ sí i. Ohun kan ṣoṣo ni kí a máa yí padà lẹ́ẹ̀kan. Ẹni tó bá yí ìlọ̀, ìwọ̀n àti kọfí padà lọ́jọ́ kan náà kò ní mọ èyí tó tún un ṣe, kò sì ní mọ èyí tó bà á jẹ́. Àkọ́kọ́ kì í dùn, ìkejì kì í dùn. Ṣùgbọ́n ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.

HÓRÓ TI WÁ

Ọ̀rọ̀ kan kù tí kò yẹ kó ṣubú sílẹ̀. Kọfí méjì tó gbajúmọ̀ jù láyé, ọmọ ilẹ̀ Áfríkà ni àwọn méjèèjì. Inú igbó Ethiopia ni arabica ti wá. Robusta, tó ń mú kí ìfófó espresso Naples ki, tó sì ń jẹ́ kó le lẹ́nu, inú igbó ìwọ̀-oòrùn àti àárín Áfríkà ló ti hù. Uganda jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn ilẹ̀ tó ń kó kọfí lọ sí Ítálì jù lọ. Nílé níbí, àwọn ọmọ Yorùbá ní agbègbè Kàbbà ní ìpínlẹ̀ Kogí ń gbin robusta. Arabica ń hù lórí òkè Mambilla ní ìpínlẹ̀ Taraba. Ní Togo, ẹkùn Plateaux tí Atakpamé wà, níbi tí àwọn Ifẹ̀ tó jẹ́ ẹ̀yà Yorùbá ń gbé, wà lára ibi tí kọfí ti ń wá. Ní Ìbàdàn, ilé ìwádìí ìjọba àpapọ̀ lórí kòkó, èyí tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 1964, ń ṣe iṣẹ́ lórí kọfí pẹ̀lú.

Síbẹ̀, hóró tútù ni àgbẹ̀ púpọ̀ ń tà, ọ̀pọ̀ nínú wọn kò sì tíì mu ife kan rí nínú ohun tí wọ́n fi ọwọ́ ara wọn gbìn. Bí Moriondo ṣe ní ìhùmọ̀ tí ẹlòmíràn jẹ èrè rẹ̀ ni oko náà ṣe rí: ẹni tó kó hóró jáde nínú àpò, tó yan án, tó lọ̀ ọ́, tó fi orúkọ tirẹ̀ sí páálí, òun ni owó ń bá. Yíyan àti lílọ̀ kì í ṣe oògùn òyìnbó. Ẹni tó mọ ẹ̀pà yan nínú yanrìn gbígbóná, tó sì mọ bí a ṣe ń lọ ata lórí ọlọ, kò jìnnà sí i.

Nítorí náà, kí ẹni tó ń bẹ̀rẹ̀ espresso nínú ilé má dúró lórí ẹ̀rọ tó ti Milan wá nìkan. Kí ó wá hóró Kàbbà tàbí ti Mambilla, kí ó béèrè ọjọ́ tí wọ́n yan án, kí ó lọ̀ ọ́ lójú ara rẹ̀, kí ó sì ka ìṣẹ́jú àáyá 25. Ife kékeré tí yóò jáde á ní ìmọ̀ Ítálì nínú. Owó rẹ̀, ó kéré tán apá kan rẹ̀, á dé ọwọ́ ẹni tó ro oko.